Ìwé Kékeré Tó Wà Lọ́wọ́ Ọmọ Abúlé: Bí Ìjọba àti Àjọ Aláàánú Ṣe Lé Sòbìà Kúrò ní Nàìjíríà

Kí ọdún 1988 tó dé, kò sí ẹni tó lè sọ iye ènìyàn tí sòbìà ń dá jókòó sílé ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ẹni tí sòbìà bá mú kì í sábà lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó gbé e lọ ni aràn ń gbà jáde, ọsibítù sì jìnnà. Bó bá tilẹ̀ wọ́ débẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn oníhóró tó lè pa aràn náà. Inú ilé ló máa wà títí yóò fi san. Orúkọ rẹ̀ kò wọ ìwé kankan, ìjọba tó bá sì ṣí ìwé wò yóò rò pé àlàáfíà ni ará oko wà.

Ìgbà tó yá ni wọ́n rán ènìyàn jáde láti abúlé dé abúlé, jákèjádò orílẹ̀-èdè, kí wọ́n máa bi agboolé kọ̀ọ̀kan léèrè: ta ni sòbìà yọ lára rẹ̀ láàárín ọdún kan sẹ́yìn? Iye tí wọ́n kà lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó ka iye tó bẹ́ẹ̀.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2008, ni wọ́n kọ orúkọ ẹni ìkẹyìn sílẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí oògùn sòbìà, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ibi tí mo sì bá a dé ni pé ìwé kékeré kan, lọ́wọ́ ọmọ abúlé kan tí kò gbowó oṣù, ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìjọba nìkan kò lè kọ ìwé náà. Àjọ tó ti òkèèrè wá kò lè kọ ọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àrùn náà ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 kò rí i rí, inú mi sì dùn pé wọn kò rí i.

Omi adágún ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò kan wà nínú omi bẹ́ẹ̀ tó kéré débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Bí kòkòrò yìí bá ti gbé ọmọ sòbìà mì, tí ènìyàn wá bu omi náà mu, sòbìà ti wọlé nìyẹn. Onítọ̀hún kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan gbáko. Aràn á máa gùn lábẹ́ awọ títí yóò fi tó nǹkan bíi mítà kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Lọ́jọ́ kan, ibì kan á wú, lẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, á lé roro, á máa jó o bí ẹni pé wọ́n fi ẹyin iná lé e. Kí ni ènìyàn á ṣe tí ẹsẹ̀ bá ń jó o? Á lọ tì í bọ omi tútù. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi, roro á bẹ́, aràn á yọrí, á sì tú ọmọ tí kò lóǹkà dà sínú adágún tí gbogbo abúlé ti ń pọnmi. Ti ọdún tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Yíyọ rẹ̀ tún ni ìyà mìíràn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí igi ìṣáná, ni wọ́n ń ká orí aràn mọ́. Wọn á fà á díẹ̀, wọn á ká a, wọn á fi aṣọ dì í, ó tún dọ̀la. Lọ́la wọn á tún fà á díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, tí aràn já sí i lára, egbò ọ̀hún á kẹ̀, oríkèé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á sì gan títí ayé. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé kí sòbìà tó degbò ni à á ké sí Olúgànbẹ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ti rí egbò náà.

Ní ìhà tiwa níbí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà jù. Odò kéékèèké ti gbẹ, adágún ti fà, kòkòrò inú rẹ̀ ti fún mọ́ra nínú omi díẹ̀ tó kù. Àsìkò yẹn gan-an ni àgbẹ̀ ń kọ ebè tuntun. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú agboolé kan kì í ṣe ohun ìyanu, ilẹ̀ tí wọn kò kọ ebè sí lọ́dún náà sì ni ebi ọdún tó tẹ̀lé e.

Ìdèrè ní Ìbàràpá ni mo fẹ́ kí a fojú wò dáadáa. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ìgbèríko ní Ìgbò-Ọrà, tí kò jìnnà sí Ìdèrè, láti 1963. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé Ìdèrè láàárín àwọn ọdún 1960, sòbìà fà sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀rọ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn padà sí adágún, sòbìà sì padà sí ara wọn. Mo fẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, torí a óò tún padà síbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì náà, William Brieger wà lára wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti àwọn ará Ìdèrè, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ẹni tó fi mọ́tò sáré kọjá kò lè gbọ́. Àwọn kan gbà pé Ṣànpọ̀nná ló ń fi sòbìà jà. Àwọn mìíràn gbà pé wọ́n bí i mọ́ ènìyàn ni, pé bí iṣan ṣe wà lára ni sòbìà náà wà lára gbogbo wa, ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò yọ. Kí ẹnì kan wá ti ìlú ńlá dé, kó ní omi ni. Láti ọjọ́ tí onítọ̀hún ti mu omi náà sí ọjọ́ tí aràn yọ, ó ti pé ọdún kan. Ta ló ń rántí omi tó mu ní èṣí? Iyèméjì àwọn ará Ìdèrè ní ìdí, ẹni tó bá sì pe ìyẹn ní àìmọ̀kan kò ní rí ojúure wọn. Ohun tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn láti máa ṣe ìtọ́jú àti àlàyé, àwọn télọ̀ ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí rán asẹ́ omi.

Ní Oṣù Kẹta 1985, àpérò àkọ́kọ́ lórí sòbìà ní Nàìjíríà wáyé ní Ìlọrin. Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin wà lára àwọn tó ń ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ní Asà, ní Kwara, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àrùn náà kí UNICEF tó bá wọn gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n tún kà á lẹ́yìn rẹ̀: láàárín ọdún mẹ́ta ó wálẹ̀ láti bí ènìyàn 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí 11. Mo ń sọ èyí torí pé ọ̀pọ̀ ìtàn nípa sòbìà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Atlanta. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí àlejò tó wọlé.

Àlejò náà ni Carter Center tó fìdí sí Atlanta ní Amẹ́ríkà, àjọ tí Jimmy Carter, tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, àti ìyàwó rẹ̀ Rosalynn dá sílẹ̀ ní 1982. Ní 1986 ni àjọ náà gba iṣẹ́ sòbìà mọ́ra, nígbà tí wọ́n fojú bù ú pé ó ń mú mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ènìyàn lọ́dún ní Áfíríkà àti Éṣíà. Donald Hopkins, dókítà tó ti bá wọn lé ìgbóná kúrò láyé, ló ń darí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ètò ìlera, ọkùnrin tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé ìlera alábọ́ọ́dé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Àsìkò náà bá ara mu.

Síbẹ̀, ìjọba kì í nawó sórí àrùn tí kì í sábà pa ènìyàn àfi tí nǹkan kan bá gún un. Ohun tó gún un ni ìrẹsì. Ìjọba ológun ìgbà náà ti fòfin de ìrẹsì òkèèrè, wọ́n fẹ́ kí a máa gbìn ín fúnra wa. Ní 1987, ìwádìí UNICEF ní agbègbè tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì ní ìlà-oòrùn gúúsù fi hàn pé owó tí sòbìà ń gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tó mílíọ̀nù lọ́nà ogún dọ́là lọ́dún. Ẹni tí ìrora ẹsẹ̀ ará oko kò wọ̀ létí gbọ́ ti ìrẹsì. Kò dùn mọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ṣùgbọ́n àjọ tó bá fẹ́ bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní láti mọ ohun tí ìjọba náà ń wá.

Ní 1988 ni ètò ìpasòbìàrun ti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní NIGEP, fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Carter Center kò kọ́ ọsibítù tirẹ̀, kò sì gbé òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ sí abúlé láti máa bá ti ìjọba díje. Ó mú olùdámọ̀ràn, ọkọ̀, owó, aṣọ asẹ́ àti oògùn omi wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà lọ sí oko. Abúlé ló sì ń yan ọmọ tirẹ̀ tí yóò mú ìwé dání.

Ìwé náà kò ní ẹwà kankan. Ilà ni wọ́n fà sí i: orúkọ, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ tí aràn yọ, ṣé wọ́n ti fọ egbò tí wọ́n sì dì í, ṣé onítọ̀hún ti ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ẹni tó ń kọ ọ́ ni ẹni tó mọ̀ pé ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò jáde láti ìjẹta, tó sì lè yà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó ní, “Ẹ kú ìjókòó o, ìyá. Ṣé kò sí?” Bí ìyá bá ti sún aṣọ sókè, tí ó fi ọrùn ẹsẹ̀ hàn án, olùyọ̀ǹda ara ẹni náà ti mọ ohun tó kàn: kó di ojú egbò, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe débi adágún, kó wá ẹni tí yóò máa bá a pọnmi. Kò sí dókítà láti Àbújá tó lè bi ìyá yẹn ní ìbéèrè náà kó sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní òpin oṣù, alábòójútó láti ìjọba ìbílẹ̀ á wá gba iye náà, á dé ìpínlẹ̀, á dé NIGEP. Nínú ètò yìí, abúlé tí kò fi ìwé ránṣẹ́ kò jọ abúlé tó kọ òdo, ó sì yẹ kí ẹnì kan lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Asẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Obìnrin tó bá mọ ògì sẹ́ mọ ohun tí aṣọ lè ṣe, nítorí náà kò le láti ṣàlàyé. Àmọ́ aṣọ òwú máa ń dí tí omi bá ní ẹrẹ̀. Omi kò ní fẹ́ kọjá mọ́, ẹni tó ń kánjú á sì yí i dà nù. Aṣọ ọ̀rá náílọ́ǹnù tí wọ́n hun pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kì í dí bẹ́ẹ̀, ó sì ń pẹ́. Carter fúnra rẹ̀ lọ bá Edgar Bronfman, tí ìdílé rẹ̀ ní ìpín ńlá nínú ilé iṣẹ́ DuPont. DuPont fi òwú náílọ́ǹnù náà tọrẹ, ilé iṣẹ́ Precision Fabrics hun ún, láti 1990. Ní abúlé, wọ́n á bu omi adágún sínú ife tó mọ́ gaara, wọ́n á gbé e sókè sí oòrùn, àwọn ènìyàn á wá rí nǹkan tíntìntín tó ń ta pọ́npọ́n nínú omi tí wọ́n ti ń mu láti kékeré. Wọ́n á da omi kan náà gba asẹ́ kọjá, wọ́n á tún gbé e sókè. Kò sí nǹkan tó ń ta mọ́. Iyèméjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ife yẹn ń tú u ju ìwàásù lọ.

Oògùn omi náà, tó ń pa kòkòrò inú adágún, ni Abate, tí ilé iṣẹ́ American Cyanamid fi tọrẹ. Kò ní òórùn, kò sì ba omi jẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Wọ́n á fi okùn wọn gígùn àti ìbú adágún, wọ́n á fi igi wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n á ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó da oògùn sí i, bí oṣù bá sì yí po wọ́n á tún padà wá. Níbi tí adágún bá ti jẹ́ ti òrìṣà, ọ̀rọ̀ á di ti ọba, àwọn àgbà àti aláwo. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára da oògùn síbẹ̀ yóò bá ilẹ̀kùn abúlé ní títì.

Ọdún mélòó kan péré ni iye náà fi wálẹ̀ kíkankíkan. Láti èyí tó lé ní 650,000, ó ti di nǹkan bí 183,000 ní 1992, ó sì di nǹkan bí 16,000 ní 1995.

Lẹ́yìn náà ó dúró. Láti 1996 sí 1999, ọdọọdún ló ń wà láàárín 12,000 sí 14,000, kò lọ, kò bọ̀. Lójú tèmi, ibí ni ẹ̀kọ́ tó le jù wà. Àwọn abúlé tó rọrùn ti tán. Èyí tó kù ni àwọn tí ọ̀nà kò dé, àti àwọn abà tí àgbẹ̀ ń gbé lásìkò iṣẹ́, tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ní ìlú ni orúkọ rẹ̀ wà, omi abà ló sì ń mu. Ìjọba Abacha ló wà lórí oyè nígbà tí ọdún wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀. Ọkàn àwọn tó ń ṣèjọba wà níbòmíràn. Bí iye kan bá sì ti wálẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé sí ẹgbẹ̀rún méjìlá, gbogbo ọ́fíìsì ló máa ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Fún ẹni tí aràn ṣì ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nǹkan kan kò tíì parí.

Ní 1999, Carter bẹ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè láti 1966 sí 1975, pé kó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Gowon àti àjọ tirẹ̀ wọ inú oko. Kò ní ipò kankan tó lè fi pàṣẹ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tó máa ní kí Gowon dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á wá bá alága ìjọba ìbílẹ̀, á béèrè omi tí wọ́n ṣèlérí fún abúlé báyìí báyìí, á sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba sábà máa ń gbàgbé láti wá: ẹni tí ìjọba ń bọ̀wọ̀ fún, tí kò sì ń bá ìjọba du ipò. Iye náà tún bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀: ó tó bí 7,900 ní 2000, ó di 1,459 ní 2003, 495 ní 2004, 120 ní 2005, 16 ní 2006.

Mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá rí iye yẹn á ti fẹ́ máa jó. Ní 2007 ó di 73. Abúlé kan ló ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ní ìlà-oòrùn, lágbègbè Enugu, níbi tí sòbìà ti ń yọ tí ìwé kankan kò sọ ọ́. Bí abúlé kan bá bọ́ lọ́wọ́ lọ́dún yìí, yóò fi ara hàn lọ́dún tó ń bọ̀. Aràn kì í pẹ́ jù, kì í sì í yá jù. Wọ́n tún padà sí ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní 2008, 38 ni. Ẹni ìkẹyìn nínú wọn, obìnrin kan ní Ezza Nkwubor ní Ìpínlẹ̀ Enugu, ni aràn yọ lára rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Mo ṣèlérí pé a óò padà sí Ìdèrè. Asẹ́ ń lé sòbìà, kò lé onígbáméjì, kò lé ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kò sì dín ìrìn tí ọmọbìnrin ń rìn lọ sí adágún ní àárọ̀ kù. Omi ẹ̀rọ tó kọṣẹ́ ní Ìdèrè ni ojúṣe ìjọba. Aṣọ náílọ́ǹnù tí àjọ kan fi tọrẹ kò gba ojúṣe yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí òṣèlú kan ń ka ìparí sòbìà mọ́ àṣeyọrí, tí ẹ̀rọ omi abúlé tó ń tọ́ka sí sì ti dípẹtà. Carter Center kò ṣèlérí omi fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba ló ṣèlérí rẹ̀, léraléra, àwọn ará abúlé sì ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Àwọn ará Benin, tí ààlà pa wá pọ̀, àti àwọn ará Togo ti rí ẹni ìkẹyìn tiwọn díẹ̀ ṣáájú wa. Ní gbogbo ayé, ènìyàn 14 péré ni wọ́n kà ní 2023. Carter kú ní Oṣù Kejìlá 2024, ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, kí iye náà tó di òdo.

Ní tiwa, Àjọ Ìlera Àgbáyé kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó kéré tán, orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi ọdún mẹ́ta gbáko hàn pé òun ń wá a, òun kò sì rí i. Nítorí náà iṣẹ́ ìwé náà kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn Ezza Nkwubor. Wọ́n kéde ẹ̀bùn owó fún ẹni tó bá mú ìròyìn sòbìà tó jẹ́ òótọ́ wá. Bí eéwo bá yọ lẹ́sẹ̀ ẹnì kan, wọ́n á lọ wò ó. Bí ọmọdé bá ní nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ òun, wọ́n á lọ wò ó. Oṣù Kejìlá 2013 ni ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Láti Oṣù Kọkànlá 2008 títí di ìgbà náà, ó lé ní ọgọ́ta oṣù tí àwọn ọmọ abúlé tí kò gbowó oṣù fi ń wo ẹsẹ̀ àwọn ará ilé wọn, tí ẹni tó ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ ń béèrè iye, tí wọ́n sì ń kọ òdo sí i.